Bí ike ilé ìwòsàn ò ṣe ní pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn ìtànṣán gámà: ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀

Páálí kan ni wọ́n dá padà fún wa lọ́jọ́ náà. Three-way ló wà nínú ẹ̀, ike kékeré yẹn tí nọ́ọ̀sì máa ń so mọ́ okùn dírípù, tí wọ́n máa ń yí síbí yí sọ́hùn-ún kí oògùn lè ráyè wọlé. Mátírọ́ọ̀nù ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ya ọ̀rá ọ̀kan, wọ́n gbé e lé orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó fúnra ẹ, ṣé ọjà tuntun nìyí?" Mo wò ó. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó tún fẹ́ mú àwọ̀ ewé díẹ̀ létí ibi tó ti nípọn, àfi bíi pé ó ti wà lójú oòrùn láti ọdún mẹ́ta. Mo ní, "Tuntun ni mà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ibi ìtànṣán dé." Wọn ò gbà mí gbọ́, mi ò sì lè bá wọn jà, torí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sójú iṣan èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù ike tó bá dà bíi pé ó ti gbó.

Ohun tó dùn mí ni pé a lè dènà ẹ̀. Gáásì la fi ń pa kòkòrò ara ọjà yẹn tẹ́lẹ̀, ethylene oxide, ìgbà tá a wá kó o lọ sí gámà, ìtànṣán tó ń pa kòkòrò, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rántí béèrè bóyá hóró ike tá à ń rà, èyí tá à ń yọ́ ká tó fi tẹ ọjà, lè gba gámà. Nígbà tó pọ́n tán, gbogbo wa ń bú ibi ìtànṣán. Wọn ò ṣẹ̀ wá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ra hóró ike lẹ ti pinnu bóyá ọjà yín máa pọ́n, ìyókù tẹ́ ẹ bá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ó ń ràn yín lọ́wọ́ ni, kò lè rọ́pò ẹ̀. Àtòkèrè la ti ń wo igi gogoro yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ ike, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó o wọlé, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ quality control, ẹ bá mi ka eléyìí dé ìsàlẹ̀.

Kí ló tiẹ̀ ń pọ́n gan-an?

Gámà tó ń jáde lára cobalt-60, irin tó ń tan ìtànṣán níbẹ̀, lágbára débi pé tó bá ń gba inú ike kọjá, ó máa ń já ìdè tó so àwọn átọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ra. Ohun tó ń ṣe fún kòkòrò àìfojúrí tó fi ń kú náà nìyẹn, kò yọ ike sílẹ̀. (Ike ò di olóró o, kò sí ìtànṣán tó ń kù sínú ẹ̀, mo ní kí n tètè sọ ọ́ torí wọ́n máa ń bi mí lójoojúmọ́.) Ibi tí ìdè ti já máa ń la ẹnu sílẹ̀, ó ń wá nǹkan tó máa gbá mú. Tó bá rí ọ́síjìn, ó gbá a mú, ìyẹn náà á tún lọ já ìdè míì, á wá máa ràn lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn míì ò rí nǹkan kan gbá mú, wọ́n á há sínú ike níbẹ̀, wọ́n á máa gbé àwọ̀ búlúù inú ìmọ́lẹ̀ mì, èyí tó bá wá ṣẹ́kù tó dé ojú wa, yẹ́lò ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ike tó wà lọ́wọ́ yín lórúkọ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ike tó mọ́ gaara yẹn ni". Ike tó mọ́ gaara pọ̀, bí kálukú wọn ṣe ń pọ́n yàtọ̀ síra.

Polycarbonate ni three-way tiwa yẹn, òun náà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ara àsẹ́ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó le dáadáa, dóòsì 25 kGy (kilogray, bí wọ́n ṣe ń wọn ìtànṣán tí ọjà gbà) tí wọ́n sábà máa ń lò kì í tètè mú agbára ẹ̀ lọ, àwọ̀ gan-an ni wàhálà ẹ̀. Ọjọ́ tó bá jáde níbi ìtànṣán ló máa ń burú jù. Lẹ́yìn ìyẹn ọ́síjìn á máa rọra wọ inú ẹ̀, àwọn tó há yẹn á máa rí nǹkan dì mú, àwọ̀ náà á sì máa ṣá láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣá tán. Èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, òun ló máa bá a dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

PVC ni okùn dírípù àti àpò ẹ̀jẹ̀. Tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Gámà máa ń lé hydrogen àti chlorine jáde lára ẹ̀, àwọn méjèèjì á so pọ̀ di ásíìdì, ásíìdì yẹn á tún padà wá lé àwọn míì jáde, ibi tí wọ́n ti kúrò á wá tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn, bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bá ṣe ń gùn sí i ni àwọ̀ á ṣe máa kúrò ní yẹ́lò bọ́ sí bráwùn. Dípò kó ṣá, ó tún lè máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó ti délé. PVC tó le máa ń pọ́n ju èyí tó rọ̀ lọ.

Polypropylene, tí gbogbo wa ń pè ní PP, òun ni ara sírínjì. Ike yẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń pọ́n jù, èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ooru máṣíìnì má bàa jó o ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní phenolic, BHT wà lára wọn. Gámà ló ń sọ àwọn yẹn di yẹ́lò. Ṣùgbọ́n PP ní àìsàn míì tó burú ju pípọ́n lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ó máa ń gan, ó sì máa ń ṣẹ́. Àwọn ẹnu tó là sílẹ̀ máa ń há sí ibi tí ike yẹn ti dì pọ̀ jù, wọ́n á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, wọ́n á máa bá ọ́síjìn pàdé. Sírínjì tó mọ́ lóló lóṣù kìíní lè ṣẹ́ mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lóṣù kẹwàá. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dájọ́ PP láéláé.

Àwọn tó kù ò gba àsọgùn. Polystyrene, PET àti copolyester kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, polyethylene náà máa ń fara dà á, ABS máa ń pọ́n díẹ̀. Acetal àti Teflon, ẹ má gbé wọn débẹ̀ rárá, Teflon máa ń di jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ kí dóòsì tó dé ìdajì. Tí gíláàsì bá wà lára ọjà yín, ẹ mọ̀ pé gíláàsì lásán máa ń di bráwùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ra hóró tí wọ́n ṣe fún gámà

Ibí yìí lowó yín ti máa ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe ike fún ilé ìwòsàn ló ní oríṣi tí wọ́n dìídì ṣe fún ìtànṣán. Nínú polycarbonate ẹ máa rí Makrolon Rx ti Covestro, ẹ máa rí CALIBRE MegaRad ti Trinseo. Ó wọ́n ju ti gbogbogbòò lọ, mo mọ̀, mo ti jókòó níwájú ọ̀gá tó ń béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tá a fi máa san owó lé lórí ohun tá à ń rà lówó pọ́ọ́kú. Mo gbé three-way tí wọ́n dá padà ka iwájú wọn.

Ohun méjì ni wọ́n fi sínú irú hóró bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ni àwọ̀. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fọ aṣọ funfun, tó bá ti fẹ́ máa pọ́n wọ́n á po búlúù sínú omi ìkẹyìn, wọ́n á ri aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, funfun ẹ̀ á máa tàn yòò. Búlúù yẹn ò yọ ohun tó pọ́n kúrò lára aṣọ, ojú wa ló bá tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ike, wọ́n á po búlúù tàbí àlùkò díẹ̀ mọ́ ọn. Three-way tẹ́ ẹ bá fi hóró yìí tẹ̀ á mú àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ kó tó lọ síbi ìtànṣán, bó bá ti ibẹ̀ dé, yẹ́lò àti àlùkò á ti pa ara wọn, á wá mọ́ bí omi òjò. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń yẹ ọjà wò lórí máṣíìnì, torí ìgbà tá a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ọmọ kan lára wa ti da odindi agbọ̀n kan sínú pàǹtí, ó ní ike ti bàjẹ́.

Àwọ̀ yẹn ní ìwọ̀n o. Tó bá pọ̀ jù, ike á ṣú, nọ́ọ̀sì ò ní rí èéhó afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú oògùn, ìyẹn sì léwu ju yẹ́lò lọ. Dóòsì tí wọ́n tìtorí ẹ̀ po àwọ̀ yẹn náà ní ìwọ̀n, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, yẹ́lò á borí.

Èkejì ni ìtọ́jú gidi, ìyẹn èròjà tó ń fún àwọn ẹnu tó là sílẹ̀ ní hydrogen kí wọ́n lè padé kíá. Nínú polycarbonate, polypropylene glycol wà lára ohun tí wọ́n máa ń lò. Fún PVC, ẹ wá èyí tó ní epo sóyà epoxidized, tó ń gbá ásíìdì yẹn mú kó tó ṣèjàǹbá, pẹ̀lú èròjà calcium àti zinc. Fún PP, ẹ ní kí wọ́n yọ phenolic kúrò, kí wọ́n fi HALS sí i pẹ̀lú phosphite, èròjà méjì tó ń dáàbò bo ike, kí ike náà sì jẹ́ random copolymer, oríṣi PP tí kì í dì pọ̀ jù, àwọn míì tún máa ń po epo díẹ̀ mọ́ ọn kí àwọn tó há lè ráyè rìn, kí wọ́n bá ara wọn pàdé, kí wọ́n parí ìjà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé dóòsì mélòó ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dé, ike tó nípọn tó mélòó ni wọ́n lò, ọjọ́ kelòó lẹ́yìn ìtànṣán ni wọ́n wọn àwọ̀ ẹ̀, àti pé ṣé phenolic wà nínú ẹ̀. Ẹ gba èsì yẹn sórí ìwé. Tó bá ní "ó ń ṣiṣẹ́, má worry", ẹ lọ bá ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ má sun ún kó tó lọ

Ike tó ti gbóná kọjá ààlà nínú máṣíìnì ti ń pọ́n kí gámà tó kàn án, gámà á wá bá a parí ẹ̀. Ẹ gbẹ polycarbonate dáadáa ní nǹkan bí 120°C fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kí omi inú ẹ̀ má ju 0.02% lọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú bárẹ̀lì máṣíìnì, tí iná bá lọ tí máṣíìnì dúró, ẹ tú èyí tó wà nínú ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, èmi mọ̀ pé ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ tú u dànù. Ike tí wọ́n lọ̀ padà náà, ẹ wo òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó ṣe máa ń ṣú, bí ike ṣe ń rí náà nìyẹn, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tún wọ inú ooru, èròjà tó yẹ kó dáàbò bò ó ń tán. Fún ohun tó máa lọ sí gámà, hóró tuntun ni mo máa ń lò, mi ò kì í pò ó. Fún PP, ẹ jẹ́ kí móòdù tutù dáadáa kí ike lè tètè dì, ibi tó dì pọ̀ jù ò ní pọ̀ nínú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ din dóòsì kù, ṣùgbọ́n lọ́nà tó tọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé 25 kGy ti wà látọ̀run wá. Rárá o. ISO 11137, ìlànà àgbáyé lórí fífi ìtànṣán pa kòkòrò ara ọjà ìwòsàn, fàyè gba dóòsì tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé kòkòrò tó wà lára ọjà yín kó tó lọ kò pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní VDmax25 gba ọjà tí iye kòkòrò ara ẹ̀ lápapọ̀ ò ju 1,000 lọ lórí ẹyọ kan, VDmax15 wà fún èyí tí tiẹ̀ ò ju 1.5 lọ. Ìyàtọ̀ 25 sí 15 yẹn, ojú á rí i lára ike kedere.

Torí náà, ohun tó ń jẹ́ kí ike má pọ́n wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ìbọ̀wọ́, bíbo irun, omi tí wọ́n fi ń tutù móòdù tó bá ń jò sára ọjà, páálí tó ti ìta wọlé pẹ̀lú eruku ẹ̀. Ẹ máa ka kòkòrò yẹn déédéé, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ sì jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kàn dín dóòsì kù torí pé ó fẹ́ kí ọjà òun rẹwà, kí kòkòrò wá kù lára ohun tó ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ike tó pọ́n sàn ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè dóòsì tó pọ̀ jù. 25 tí wọ́n ń sọ yẹn, ibi tó gba tiẹ̀ kéré jù nínú páálí ni. Àwọn tó wà lẹ́bàá ìta tó kọjú sí cobalt máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí dóòsì tó pọ̀ jù bá jẹ́ ìlọ́po 1.6 èyí tó kéré jù, ó túmọ̀ sí pé àwọn kan nínú páálí yẹn gba 40 kGy. Àwọn wọ̀nyẹn ló máa pọ́n jù, àwọn náà ni mátírọ́ọ̀nù máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà dóòsì tò ó káàkiri páálí, kí wọ́n yàwòrán ẹ̀ fún yín. Tí ìyàtọ̀ dóòsì tó pọ̀ jù sí èyí tó kéré jù bá pọ̀, ẹ má di páálí gìrìgìrì, ẹ jẹ́ kó fúyẹ́, kó sì dọ́gba. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé dóòsì ò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí, yálà ibùdó gámà tó wà ní Sheda l'Abuja lẹ ń lò ni o tàbí ti òkè òkun.

Ìgbésẹ̀ 5: Bóyá gámà nìkan kọ́

Gámà máa ń gba wákàtí gbọọrọ kó tó fún ọjà ní dóòsì ẹ̀, ọ́síjìn á sì máa ráyè wọlé ní gbogbo wákàtí yẹn. Ìtànṣán ẹlẹ́kítíróọ̀nù máa ń fún un ní dóòsì kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ọ́síjìn ò ráyè ṣe púpọ̀, torí náà PP àti PVC sábà máa ń jáde dáadáa níbẹ̀. Àbùkù ẹ̀ ni pé kì í wọlé jìnnà, kódà èyí tó lágbára 10 MeV, tí páálí bá wúwo kò ní dé àárín. X-ray wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ń wọlé jìnnà bíi gámà, ó sì yára jù ú lọ. Ọjà tó kéré, tó fúyẹ́, ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́nà méjèèjì kẹ́ ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rá àti ibi ìkó-ọjà-sí

PP àti PVC ń fẹ́ kí ọ́síjìn jìnnà sí wọn, tí apá yín bá ká a, ẹ fi náítírójìn lé e jáde nínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà wọlé. Polycarbonate ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn ló ń pa àwọ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dì í mọ́nú ọ̀rá tí ò mí, yẹ́lò á pẹ́ lára ẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun méjèèjì nínú sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á ní láti yan èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ gbé ọjà jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀ àti fọ́kílíìfù tó ń lo dísẹ́lì. Gáásì inú èéfín yẹn máa ń bá phenolic jà, ó lè sọ ike funfun di yẹ́lò láìsí ìtànṣán kankan. Ẹni tó bá ti rí i rí mọ̀, àwọn páálí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìkan ló máa ń pọ́n.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wò ó

Ojú èèyàn ń parọ́ lábẹ́ gílóòbù. Ẹ wá spectrophotometer, ìyẹn máṣíìnì tó ń wọn àwọ̀, ẹ ka yellowness index (nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe pọ́n tó) bí ìlànà ASTM E313 ṣe là á sílẹ̀, tàbí b* ti CIELAB, nọ́ńbà míì tó ń wọn yẹ́lò. Ẹ tẹ ike pẹlẹbẹ kan náà tó nípọn bákan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn funfun kan náà, torí ike tó nípọn á máa fara hàn bíi pé ó pọ́n ju tín-ín-rín lọ. Ẹ ṣe é ní dóòsì tó kéré jù àti ní èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ sì fi àwọn kan sílẹ̀ tí ò lọ rárá.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ṣe kókó. Mo máa ń ka tèmi lọ́jọ́ tó dé, lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ kẹrìnlá, lọ́jọ́ kọgbọ̀n, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá wọn polycarbonate lọ́jọ́ kìíní á rò pé ayé ti bàjẹ́, ẹni tó bá wọn PVC lọ́jọ́ kìíní á rò pé òun ti yege. Inú òkùnkùn, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tà á, ni kẹ́ ẹ tọ́jú àwọn àpẹẹrẹ yẹn sí, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń mú kí àwọ̀ polycarbonate tètè ṣá, ẹ máa tan ara yín jẹ tẹ́ ẹ bá gbé e sójú fèrèsé. Fún PP, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tó máa ṣẹ́, ẹ kọ agbára tó gbà, ẹ tún ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti ọdún kan.

Tẹ́ ẹ bá ti yí hóró padà, iṣẹ́ ò tíì tán: ìdánwò ISO 10993 lórí bí ike yẹn ṣe ń bá ara èèyàn ṣe, kẹ́ ẹ sì fi tó NAFDAC létí tó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni.

Tó bá ti pọ́n ńkọ́?

Polycarbonate, ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún un wọ̀n, kò yẹ kẹ́ ẹ tiẹ̀ máa gbé e jáde kó tó pé bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé ohunkóhun padà lọ fún ìtànṣán lẹ́ẹ̀kejì, dóòsì méjèèjì máa ṣírò pọ̀ lára ẹ̀ ni. PVC tó ti di bráwùn àti PP tó ń ṣẹ́, ẹ kó wọn dànù.

Three-way mẹ́wàá ni mo gbé padà lọ bá mátírọ́ọ̀nù yẹn nígbà tá a yí hóró padà, márùn-ún tó mú àlùkò, tí wọn ò tíì gbé lọ, àti márùn-ún tó ti ti ibi gámà dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tún tẹ́ aṣọ funfun yẹn. Wọ́n gbé ọ̀kan sókè kọjú sí iná, wọ́n fi sírínjì ti omi gba inú ẹ̀, wọ́n ń wo èéhó afẹ́fẹ́ bó ṣe ń kọjá. "Mo ń rí i," wọ́n ní, "ẹ kó páálí méjì wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."